Ìwé Ìpadàwọlé Kuriakose

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí ó pé oṣù mẹ́fà tí Kuriakose ti kúrò ní Kuwait. Bí ó bá pé tí kò tíì padà wọlé, ìwé ìgbélùú rẹ̀ di asán nìyẹn. Abẹ́ orúkọ Aleyamma, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ìwé náà wà, òun ló sì gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi àsìkò kún un. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́sibítù, ó sì wọ bọ́ọ̀sì ní Abbasiya kí oòrùn tó mú.

Shibu, ọmọ ìpínlẹ̀ Kerala bíi tirẹ̀, ló máa ń bá èèyàn tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ lédè Lárúbáwá nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó bá ti ń jẹ ọbẹ̀ ẹja nílé ní Kottayam láràárọ̀, ta ló máa rí i mú padà sínú ooru yìí?"

Aleyamma rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bá mi tẹ̀ ẹ́, jàre."

"Kí ni kí n kọ pé kò jẹ́ kí ọkọ yín lè wá?"

"Kọ ọ́ pé kò lè dìde."

Shibu ò ṣàwàdà mọ́. Ó tẹ ìwé náà, ó kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ọ́fíìsì, obìnrin ọmọ Kuwait kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló gba fáìlì náà. Ó wo fọ́tò Kuriakose, ó wo ìwé dókítà.

"Oṣù kejì ni wọ́n kọ èyí, ọmọ mi. Kò sí tuntun?"

"Dókítà ò kọ òmíràn mọ́, mà."

"Ṣé ìwọ náà ti rí i látìgbà tó ti lọ?"

"Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kẹta. Mo lọ, mo jókòó tì í, mo sì padà síbi iṣẹ́."

"Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ò jìnnà. Ó máa ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀."

Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọkọ tèmi náà dùbúlẹ̀ fún odidi ọdún kan. Mo mọ bó ṣe ń rí." Ó mú òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé náà. "Títí di oṣù kìn-ín-ní, ó lè padà wọlé nígbàkigbà. Sọ fún un kó má kánjú."

"Màá sọ fún un, mà."

Aleyamma jáde sínú oòrùn, ó jókòó sí ibùdókọ̀. Ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀: orúkọ Kuriakose, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àdírẹ́sì yàrá wọn ní Abbasiya. Fún oṣù mẹ́fà sí i, ibẹ̀ ṣì nilé rẹ̀. Ọkàn Aleyamma balẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, kò wọ ìkankan.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n Kuriakose obìnrin ni, láti Kottayam.

"Ìyàwó wa," obìnrin náà wí, "ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì Kuriakose tún ti dé o, oṣù karùn-ún rèé tá a ti sin ín, kí lo ní kó kọ síbẹ̀?"