Làfún Ọnọ́rébù

Ẹ wá wo ìyá mi nínú ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn n'Ítòkú o!

Èsì ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ńṣe ni wọ́n ń jó.

"Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúà mi! Àlímátù, ti ṣọ́ọ̀bù pa, lọ ro làfún!"

Àbúrò mi Mùs'áb ló díje. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ṣojú àwọn ará ìlú wa l'Ábùjá. Bó bá wálé, èrò á bò ó, oúnjẹ Màámi á tutù sínú abọ́.

Fóònù dún. Òun ni.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi! Èèyàn mélòó lò ń kó bọ̀?"

"Èmi nìkan ni o. Mo fìdí rẹmi, Màámi."

Màámi tún bẹ́ sókè, wọ́n fi ijó mìíràn sí i.

"Mo mọ̀! Máa bọ̀ kíá, gbígbóná lo máa jẹ ẹ́ lónìí!"