Ìlasa Tísà Adelé

Nígbà tí Tísà Ojúọlá gba ìsinmi ìbímọ lọ́dún 1972, Gbénró ni wọ́n mú láti oko wá di kíláàsì rẹ̀ mú ní Igbó-Ọrà. Ó ti jáde ilé ìwé Mọ́dà, kò ríṣẹ́. Bó ṣe di tísà adelé nìyẹn.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé èèyàn lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ ebè tẹ́lẹ̀ wá ń bọ́ fìlà kí i.

Lọ́jọ́ tí ìsinmi Ojúọlá parí, Gbénró lọ bá Akínladé, ọ̀gá ilé ìwé.

"Ṣé ẹ ó tún pè mí, sà?"

"Bí Ojúọlá bá tún lóyún, ìwọ la ó pè."

"Ìgbà wo nìyẹn máa jẹ́, sà?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ."

Gbogbo tísà bú sẹ́rìn-ín. Gbénró ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọkọ́, ó padà sóko.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í já ewé ilá bọ̀ láti oko. Ó ń dì í mọ́ iṣu, ó ń gbé e wọ agboolé tí Ojúọlá ń gbé. Ní Igbó-Ọrà, wọ́n gbà pé iṣu àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń fún obìnrin ní ìbejì.

Salome, tísà kíláàsì kejì, pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Adelé! Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lo tún ń gbé ìlasa lọ fún?"

"Ara rẹ̀ ni mò ń tọ́jú, Àǹtí."

"Irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ lò ń tọ́jú."

Gbénró tún ẹrù rẹ̀ gbé, ó kọjá.

Nígbà tó yá, Ojúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn kíláàsì. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwé tí Gbénró ti kó ṣẹ́ẹ̀tì lọ fún alágbàfọ̀.

Ojúọlá bí ìbejì. Akínladé bá a bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọ́n fi oṣù kan kún ìsinmi rẹ̀. Gbénró padà sídìí pátákó.

Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn tísà kún ilé fọ́fọ́. Àlùfáà ní kí bàbá àwọn ọmọ wá dúró ti ìyàwó rẹ̀, ni tísà adelé bá gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ṣòkòtò, ó dìde.