Ẹ̀rọ Tí Lyle Pa Lẹ́nu Mọ́

Lyle Haugen kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í fẹ́ kí ohunkóhun ráhùn sí òun létí. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń dún lódì, rédíò ni yóò yí sókè. Bí dókítà bá kọ̀wé sí i, abẹ́ ife kọfí ni ìwé náà ń gbé. Èmi tí a jọ wà nínú ọ́fíìsì kan ní Duluth, ìlú olótùútù kan létí adágún ní Amẹ́ríkà, mọ ìwà yìí, n kò sì sọ nǹkan kan. Mo kàwé débi pé mo lè ṣiyèméjì nípa ohun gbogbo, àfi ohun tó yẹ kí n ṣiyèméjì nípa rẹ̀ gan-an.

Lyle ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún àwa olùwádìí adágún. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà wà nínú ahéré onípákó létí omi, tó ń gba ìró yìnyín sílẹ̀ láti abẹ́ adágún. Kọ̀ǹpútà yìí kéré, kò lè gba ẹrù púpọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ní àká àjùmọ̀lò ní yunifásítì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wa ń kó iṣẹ́ wa sí. Fódà òfìfo kan wà nínú kọ̀ǹpútà ahéré bí ẹnu ọ̀nà. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ náà bá tàn, àṣẹ kan tí Lyle kọ sínú rẹ̀ yóò so àká ọ̀hún mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí. Bí ó bá so, ohun tí a bá gbé síbẹ̀ ti wọ àká. Bí kò bá so, inú ahéré náà lẹrù wà.

Nínú iṣẹ́ wa, bí àṣẹ bá yọrí sí rere, ẹ̀rọ kì í sọ ohunkóhun. Ìgbà tó bá kùnà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni ìyìn tiwa. Bóyá ìdí nìyí tí ìyàwó mi fi ń sọ pé n kì í yin oúnjẹ òun.

Ní ìgbà òtútù kan, Saara Niemi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé oyè lọ́dọ̀ wa, bá wa lọ sí ahéré. Lórí ìró yìnyín nígbà tó bá ń fọ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni yìnyín sì ń fọ́. Ó rí i tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sójú pé àká kò tètè dáhùn, pé òun tún ń gbìyànjú.

“Ọ̀gá Lyle, kí lẹ̀rọ yìí ń wí?”

“Ó ń kùn ni. Bàbá mi àgbà náà kùn títí wọ́n fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.”

“Ṣé kò yẹ kẹ́ ẹ wò ó?”

“Saara, èmi tí mi ò gbọ́ ti dókítà, ṣé ti páálí onírin yìí ni màá wá gbọ́?”

Ó fi lẹ́tà díẹ̀ kún ìdí àṣẹ náà, kí gbogbo àròyé ẹ̀rọ máa bọ́ sínú kòtò àìnísàlẹ̀ kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ kò fọhùn.

“Ẹ rí i? Ó ti gbọ́n.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ìdákẹ́jẹ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀, irú ọ̀rọ̀ tí oyè ìjìnlẹ̀ ń kọ́ni láti máa sọ. Mo gbàgbé pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tí òtútù ń dẹwọ́, ìjì mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kékeré jí kí ọ̀nà àká tó là. Àṣẹ Lyle ké sí àká, àká kò dáhùn, àròyé sì bọ́ sí kòtò. Lyle yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ́fíìsì. “Ó dákẹ́,” ni ó wí. “Àlàáfíà ni.” Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni yìnyín fọ́. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn gbé kọfí wọn lọ dúró létí omi láti gbọ́.

Saara ṣí àká, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Lyle wakọ̀ lọ sí ahéré, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àṣẹ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àká so. Ṣùgbọ́n bí àká bá so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń bo ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní lé nǹkan. Àká òfìfo nìkan ni Lyle rí. Ó tún rí i pé inú ẹ̀rọ kékeré ti kún dé ẹnu. Ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún un tò bí ọmọ tuntun, ó sì ra ẹja yíyan bọ̀ fún wa.

“Má bínú, Saara. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ nǹkan kan. Pàǹtírí ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ni mo bá nù ún.”

Saara rọra gbé ẹja kalẹ̀. “Ọ̀gá Lyle, ẹ̀rọ tí ò gbọ́ nǹkan kan, kí ló kún inú ẹ̀?”

Lyle wo ọwọ́ tó fi nù ún: ìró yìnyín ọdún náà gan-an ni ó nù dànù.

Èmi ni mo sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Yìnyín á tún dì lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Okerlund, ọ̀gá wa, pàṣẹ pé kí àròyé gbogbo ẹ̀rọ máa lọ sórí fóònù Lyle. Ó ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dún lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún ní kí Lyle lọ máa jókòó nínú ahéré ní ìgbà òtútù, kí ó máa fi etí ara rẹ̀ ṣọ́ adágún. Ṣùgbọ́n ooru mú ní ọdún tó tẹ̀lé e, etí omi wa kò sì dì rárá. Saara kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń kọ́ ọmọ ilé ìwé girama. Mo bá Lyle nínú ahéré, tó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí.

“Kí lo ń gbọ́?”

“Omi,” ó ní. “Omi lásán.”

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pa aláròyé lẹ́nu mọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín àlàáfíà àti òfò mọ́, nítorí ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ráhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dákẹ́, ẹ wọlé lọ wò ó kí ẹ tó yìn ín. Ní tèmi, bí ilé wa bá ti pa rọ́rọ́ báyìí, mo máa ń lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá kò sí nǹkan. Ó ní kò sí. Kò tíì dá mi lójú.