Tíṣà Inú Fóònù

Igbe tí Bàlkísù fi bọnu, gbogbo awó tó wà ládùúgbò Sakasaka ló sá dé àdúgbò Kalpohin. "Mi ò fẹ́ tíṣà tó ń wálé! Ti inú fóònù ni mo fẹ́!"

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ opó, di etí. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀, tó máa ń yọjú sí wọn lórí fóònù, ti kú sí Líbíà, ọmọ ọdún mẹ́fà yìí nìkan ló kù fún un, kò sì tíì mọ A yàtọ̀ sí B.

"Má dá a lóhùn o," ni Hajia Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wí. "Tíṣà tó ń wálé ló lè fa etí ọ̀lẹ yìí. Ta ló ń nawọ́ jáde látinú fóònù?"

"Hajia, inú tákàbà ni mo wà, mo ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi. Ọkùnrin àjèjì ò gbọdọ̀ wọlé opó."

"Ojúde ni á jókòó sí! Èmi á sì wà láàárín yín bí òkè, ẹ ò ní rí irun orí ara yín!"

Bàlkísù tún figbe ta. Ó sú ìyá rẹ̀, ló bá tẹ fóònù. Obìnrin kan yọjú láti Accra, ó ń rẹ́rìn-ín.

Igbe dá wái. Ọmọ náà nu ojú, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jókòó ṣánṣán.

Hajia pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ọ̀lẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n!"

"Bàlkísù, kí lo fẹ́ ká kọ́kọ́ kọ́?" ni tíṣà bi í.

Ó sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi kàn án.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi pe bàbá mi. Inú ibẹ̀ yẹn náà ló ń gbé."