Ẹni Tó Mọ Ìṣirò Jù ní SS2

Lọ́dún 2014, Àńtí Adébùnmí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìdímù, lọ bá Alhaja Ìdíátù tó ni ilé-ìwé náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ọmọ máa fi fóònù kẹ́kọ̀ọ́. Alhaja gbà fún táàmù kan péré. Bó bá dára, wọn ó máa bá a lọ. Bí kò bá dára, Adébùnmí ló máa bá fóònù rẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tí gbogbo èèyàn ń pè ní VP, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ipò ọ̀gá ṣófo lókè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kírẹ́díìtì ìṣirò kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó mú wá, ó sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò ti ń fi orúkọ kí i. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa ní ìwà ló ń sọ èèyàn di ọ̀gá, kì í ṣe ìṣirò.

"Fóònù kọ́, fóònù ni!" ló wí ní yàrá àwọn tíṣà. "Ìranù ni wọn ó máa wò níbẹ̀ jàre. Tèmi rèé, ìpè àti tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ṣe. Kí ló ṣe mí?"

Ó wá gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀. Fóònù tó bá rí níta kíláàsì ìṣirò, inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Kò sì ní jáde níbẹ̀ àfi tí bàbá ọmọ bá mú àgbàlagbà kan dání wá bẹ̀bẹ̀. Òfin náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sọ́mọ tó fẹ́ rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, torí ẹgba ni bàbá máa kọ́kọ́ mú dání.

Adébùnmí dá gírúùpù WhatsApp sílẹ̀. Ní kíláàsì, ọmọ mẹ́ta mẹ́ta a kórí jọ sórí fóònù kan. Lẹ́yìn ilé-ìwé, ó máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gírúùpù, kí ẹni tó bá ṣe é ya fọ́tò rẹ̀, kó fi í dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, fọ́tò ìrẹsì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ̀rù bà á. Ó ti ń ro ilé-ìwé tí yóò tún gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ ní Gowon Estate.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Rídwàn jí.

Rídwàn yìí, ọmọ Nùrẹ́nì tó ń ránṣọ ní Egan, ọmọ tó sọ tábìlì ẹ̀yìn di ibùsùn! Òun ló wá ń kọ́kọ́ dáhùn. Ó ṣàṣìṣe títí níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sì ń béèrè: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi tún ìlà kẹta ṣàlàyé." Nígbà tó yá, ó ń gbà á tán. Inú Adébùnmí dùn débi pé ó ń ka ìdáhùn rẹ̀ lórí oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: báírò pupa lọmọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sí gírúùpù pé, "Rídwàn, tíṣà ló ni báírò pupa. Má fi ara rẹ ṣàgbà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, VP wá bá a pé ariwo kíláàsì rẹ̀ ti pọ̀ jù, òun yóò kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Alhaja. Ó yá báírò búlúù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi kọ ọ́. Kò dá a padà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, báírò búlúù ni Rídwàn fi ń dáhùn.

Nígbàkígbà tí Adébùnmí bá yin Rídwàn ní kíláàsì, ọmọ náà a wolẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a bú sẹ́rìn-ín. Adébùnmí ní owú ni. Ó fún un ní máàkì tó pé, Rídwàn sì gbà á láì janpata, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Nígbà tí táàmù fẹ́ parí, Alhaja wọ kíláàsì, ó jókòó. VP dúró tì í nínú kóòtù, ó ka ẹjọ́ rẹ̀ sókè: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí nǹkan kan kọ́ nídìí fóònù.

"Àńtí Adébùnmí, ẹ ti gbọ́," ni Alhaja wí. "Ẹnì kan péré tó jàǹfààní rẹ̀, ẹ fi hàn mí. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má bínú, a ó pínyà."

"Rídwàn ni, mà."

VP wúkọ́. "Alhaja, ẹ jẹ́ ká fi tọmọdé sílẹ̀ ṣá. Kódà, mo ti rò ó wò, fóònù yìí lè wúlò díẹ̀."

Adébùnmí rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ pé Adébùnmí ló jáwé olúborí.

"Rárá o," ni Alhaja. "Rídwàn, mú fóònù rẹ wá, kí n fojú ara mi rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Rídwàn dìde lọ́wọ́ òfo. Ó wo VP, ó wo àjà. "Mà, kò sí lọ́wọ́ mi."

"Ojú ló ń tì í, mà, inú báàgì rẹ̀ ló máa wà," ni Adébùnmí wí, ó sì ti yọ fóònù tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pè é, a ó gbọ́ ibi tó ti ń dún."

Ó tẹ nọ́ńbà náà, fóònù Rídwàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú àpò kóòtù VP Akínbọ́lá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báírò búlúù.