Ìdí Ìbọn Tí Wọ́n Gé

"Dìndìnrìn wo ló fi ayùn gé ìdí ìbọn báyìí?"

Alágbẹ̀dẹ ìbọn yí ìbọn ogun àtijọ́ náà sójú fèrèsé, níbi tí yìnyín ìta ti mú kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Igi rẹ̀ dára, àmọ́ ìdí rẹ̀ kúrú, ó sì rí págunpàgun.

"Èmi ni," Bàbá Vihtori tó gbé e wá dáhùn. Kò tíì fọwọ́ kan kọfí tí wọ́n bù fún un.

Ó ṣe alágbẹ̀dẹ bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ gé e fún?"

"Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ìlú Tampere, Arvi ọmọ mi ní dandan, òun náà á lọ. Ọmọdé ni, apá rẹ̀ ò gùn tó ìbọn. Mo rò pé bó bá bá a mu, á lè gba ara rẹ̀ là." Ó gbé ojú kúrò. "Ìbọn nìkan ló padà wálé."

Alágbẹ̀dẹ rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó sùn. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mi ò ní lè fọwọ́ kàn án."

"Rárá. Lẹ́ igi mọ́ ọn."

"Kó gùn tó báwo?"

Bàbá Vihtori na apá rẹ̀ gbígbẹ sórí tábìlì. Alágbẹ̀dẹ fi okùn wọ̀n ọ́n.

"Fi díẹ̀ kún un," ni bàbá wí. "Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ máa ń ga. Arvi ìbá ti ga jù mí lọ."