Òrùka Àṣẹ Ọdẹ́yalé

Ṣówándé, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, purọ́ pé òun kò fún bàbá mi àgbà, Ọdẹ́yalé awakọ̀ ojú irin, ní òrùka àṣẹ tó fi gbéra lọ́jọ́ tí ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn. Láìsí òrùka irin ńlá yẹn, tí wọ́n ń fi kọ́ awakọ̀ lápá, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbéra. Bàbá àgbà ni wọ́n dá lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí.

Inú Bíbélì ìdílé wa ni mo ti rí ohun tí bàbá àgbà kọ: "Ṣówándé fi òrùka kọ́ mi lápá." Mo gbé e lọ bá Ṣówándé, tó ti darúgbó, nírọ̀lẹ́, ní ibùdókọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti hú ojú irin ibẹ̀ kúrò.

"Ẹ kà á, Bàbá."

"Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ Ọdẹ́yalé. Máa lọ sílé."

"Mi ò lọ."

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún lókèèrè. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, òórùn èédú sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Apá Ṣówándé nà síta fúnra rẹ̀, bó ṣe ń nà án láyé ọjọ́sí láti fi òrùka kọ́ awakọ̀ lápá. Ohun tí a kò rí gbá a mú, ó ń wọ́ ọ lọ.

Mi ò dì í mú.

"Ọdẹ́yalé, mo fún ọ," ó ní. "Èmi ni mo purọ́."